Ìyàwó Karùn-ún Bàbá Àlàbí

Katapílà kò mọ ojú oórì yàtọ̀ sí ilẹ̀ gbalasa. Bí wọ́n bá ti tan án, tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ síbì kan, ó di kó máa lọ. Ohun tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi Àlàbí ń pariwo rẹ̀ nìyí ní Iba láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1996, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ògiri iwájú ilé rẹ̀ ti di àwókù. Katapílà aláwọ̀ ìyeyè kan dúró lórí àwókù náà, ó kọ ẹnu sí ojú oórì kan tí wọ́n fi táìsì funfun tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àyọ̀ká, ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ni ó sùn síbẹ̀.

Sájẹ́ńtì Bọ́sẹ̀ Ògúnjìmí sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wo ògiri, ó wo katapílà, ó wo ojú oórì. Obìnrin yìí ti ṣe ṣọ́jà ní bárékè Ọ̀jọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun, nídìí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi í sí. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó fún láti Okokomaiko dé Ọ̀tọ̀-Àwórì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Kì í pẹ́ bínú, bí ó bá sì bínú tán, àfi kí ó rí ìdí ọ̀rọ̀ kí ó tó jẹun.

"Mà, ẹ wá wo ibi tí wọ́n fẹ́ gbà kọjá!" Ọ̀ṣúnkẹ́mi fà á lọ́wọ́. "Orí ìyá mi! Wọ́n fẹ́ gba orí ìyá mi kọjá!"

"Ta ló rán wọn?"

"Ẹnì kan tó ní òun ra ilẹ̀. Ó ní Ṣàkírù Àlàbí ló tà á fún òun."

"Ta ni Ṣàkírù Àlàbí?"

"Ohun tí mo ń bi wọ́n láti àná nìyẹn! Bàbá bí ọmọ, a mọ gbogbo wa. A ò ní Ṣàkírù kankan."

Bọ́sẹ̀ gba ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Orúkọ Ṣàkírù Àlàbí wà lókè, ilẹ̀ keje ní oko Àlàbí wà nísàlẹ̀, òǹtẹ̀ awọnlẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀ sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Ilẹ̀ keje yìí gan-an ni ilé Ọ̀ṣúnkẹ́mi dúró lé.

Awakọ̀ katapílà jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní kí wọ́n má bá òun jà, iṣẹ́ ni wọ́n bẹ òun. "Wọ́n ní kí n dúró dọ̀la, mà. Tomorrow morning, mo máa parí ẹ̀. Ẹ tètè kó ẹrù jáde."

Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ọkùnrin kan tó wọ agbádá àdìrẹ ti dé, tí ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbá àtẹ́lẹwọ́. Àjàgbé Àlàbí nìyí, akọ̀wé ẹbí, ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣúnkẹ́mi lọ́dọ̀ bàbá. Kò wo ògiri tó wó. Bọ́sẹ̀ ṣàkíyèsí pé kò wò ó.

"Sájẹ́ńtì, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́? Ọ̀rọ̀ ẹbí ni o."

"Ta ni Ṣàkírù, ẹ̀gbọ́n?"

"Ọmọ Bàbá ni, ọmọ tí wọ́n bí síta. Kútọnu ló ń gbé. Ó wá, ó ta ilẹ̀ ẹ̀, ó gba owó ẹ̀, ó lọ."

"Ẹ rí i?"

"Bàbá sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi kí wọ́n tó kú."

"Fún ẹ̀yin nìkan?"

"Akọ̀wé ni mí. Ta ni kí wọ́n tún sọ ọ́ fún?" Ó yí sí Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ìwọ náà, kí lo ń ké fún? Àwa mẹ́fà, ilẹ̀ kan la ń dù mọ́ra wa lọ́wọ́. Ìwọ nìkan ṣoṣo, obìnrin, o jókòó lé odidi tìẹ. Bí wọ́n bá yọ díẹ̀ níbẹ̀, ṣé o máa kú ni?"

Bọ́sẹ̀ ti ọwọ́ bọ báàgì, ó mú gúgúrú bíi mélòó kan, ó ń rún un. Ohun tó máa ń ṣe nìyẹn bí ọwọ́ bá ń yún un láti gbá ènìyàn létí. Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó jókòó sórí ogún ìyá rẹ̀, wọ́n wá ń bú u bí ẹni tó jalè.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ìnsípẹ́kítọ̀ Àdìó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, tàbí ohun tí òun ń pè ní iṣẹ́.

"Madam, case yẹn ti clear," ó ní. "Ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Ẹkúndayọ̀, awọnlẹ̀ yẹn, ló yí ìwé. Ràsákì. Ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì."

"Ẹ̀rí wo lẹ ní?"

"Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló jẹ́rìí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fáìlì Ṣàkírù wà lára ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Sọ̀féyọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ràsákì nìkan ló wà ní ọ́fíìsì."

"Ó dáa. Ràsákì ló yí ìwé, irọ́ ni ìwé náà. Kí ló dé tí katapílà ṣì wà níbẹ̀?"

Àdìó fi bírò họ orí. "Ìyẹn… Akọ̀wé ẹbí ti jẹ́rìí pé Ṣàkírù wà lóòótọ́. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà sì ní ìwé lọ́wọ́."

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ dákẹ́ ná, ẹ fetí sí ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé nítorí pé ìwé jẹ́ ayédèrú. Ẹ tún jẹ́ kí ìwé kan náà máa wó ilé nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́. Èwo ni kí a gbà níbẹ̀?"

"Madam, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú tán. Ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ náà."

Ràsákì jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ Ògùn, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ojú rẹ̀ kan ti wú. Bọ́sẹ̀ kò bi í ẹni tó ṣe é, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n tún ṣe é sí i.

"Ràsákì, ṣàlàyé fún mi bí o ṣe ń to ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́bí sínú kọ̀ǹpútà."

"Bí wọ́n bá ṣe pín in ni, Mummy. Fódà kan fún bàbá. Nínú ẹ̀, fódà kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Nínú ti ìyàwó, fódà àwọn ọmọ ẹ̀. Nínú ti ọmọ, àwòrán ilẹ̀ tó kàn án."

"Ìdí-igi nìyẹn."

"Ìdí-igi ni. Ti Àlàbí, ìyàwó mẹ́rin. Wọ́n pín oko sí mẹ́rin, ìyá kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ wá pín in láàrin ara wọn. Ìyá Àníkẹ́ ló bí mẹ́fà. Ìyá Àyọ̀ká bí ẹyọ kan."

"Ta ló mú orúkọ àwọn ọmọ wá fún ẹ?"

"Bọ̀dá Àjàgbé. Wọ́n jókòó tì mí fún ìgbà pípẹ́, ká má baà ṣe àṣìṣe. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an. Mo tiẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣí fódà, bí wọ́n ṣe ń dá tuntun." Ó nu ojú rẹ̀ tó wú. "Mummy, mi ò ṣe é. Bí mo bá fẹ́ fi ọmọ kan sí i, mi ò lè débẹ̀ láì gba ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ kọjá. Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà míì."

Bọ́sẹ̀ gbọ́ gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bí ó ti wúwo tó. Ó kàn fi í pamọ́ sí ọkàn ni.

*

Ọ́fíìsì Ẹkúndayọ̀ awọnlẹ̀ wà létí Ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì ní Okokomaiko, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta páìpù. Baba náà ń làágùn kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè.

"Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu ìwé Ṣàkírù?"

"Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà ni mò ń buwọ́ lù, Sájẹ́ńtì. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

"Kọ̀ǹpútà kì í bímọ náà, sà. Ẹ ò bi ara yín pé níbo ni ọmọ tuntun ti wá?"

Ẹkúndayọ̀ tẹ orí ba. Ó ní àwòrán tí wọ́n bá tẹ̀ jáde kì í gbé ju orúkọ onílẹ̀, nọ́ńbà ilẹ̀ àti ààlà rẹ̀ lọ. Ó ní òun kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà láéláé, nítorí pé iná inú rẹ̀ ti gbá òun rí, èyí tó mú kí òun bẹ̀rù rẹ̀ bí ejò.

Ẹ̀rọ náà jókòó sórí tábìlì, tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní Alábà. Ètò tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì ni ó ń lò. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń fi eku kọ̀ǹpútà rìn kiri ojú rẹ̀. Ojú dúdú ni, lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ohun tí ènìyàn bá sì fẹ́ kí ó ṣe, àfi kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ ní bárékè.

"Ẹ pa jẹnẹrétọ̀," ó ní.

"Ẹ gbọ́, a ò tíì…"

"Ẹ pa á, sà. Lẹ́yìn náà ẹ tún un tàn."

Wọ́n pa á, wọ́n tàn án. Ẹ̀rọ náà kùn, ó sì kọ déètì rẹ̀ síta: oṣù kìíní, ọdún 1980. Ó wá ń béèrè pé kí ẹnì kan sọ ọjọ́ òní fún òun.

"Bátìrì inú rẹ̀ ti kú," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Ta ló máa ń sọ ọjọ́ fún un?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ tàn án láàárọ̀."

"Bí mo bá sọ fún un pé ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni òní ńkọ́?"

Ẹkúndayọ̀ rò ó. "Yóò gbà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rí tí wọ́n fi lu Ràsákì títí ojú rẹ̀ fi wú nìyẹn!" Bọ́sẹ̀ gbá tábìlì. "Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ wọlé! Ẹni tó mọ̀ pé ẹ rin ìrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan lè wá lẹ́yìn oṣù kan, kí ó tẹ déètì ọjọ́ náà, kí ó sì fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ. Irú ọlọ́pàá wo nìyí?"

Ó rún gúgúrú. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó fa àga. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìgbà, ó rò ó nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi. Ibi tí wọ́n bá gbé nǹkan sí nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà. Kò sí ohun tó kan bátìrì níbẹ̀.

Ó wọ inú fódà Àlàbí. Ojú rẹ̀ ṣú. Kì í ṣe fódà àwọn ìyàwó nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà wà, ìwé owó wà, àwòrán àtijọ́ wà, fódà tí wọ́n ti gbàgbé wà, gbogbo rẹ̀ dà rú mọ́ra wọn bí ẹrù ẹni tó kó kúrò nílé nínú òjò. Bí ènìyàn bá ní kí òun máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀la yóò dé bá a níbẹ̀, katapílà á sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" ni Ẹkúndayọ̀ bi í láti òkèèrè.

"Èmi ò ní ṣí ọ̀kankan. Ẹ̀rọ ni yóò rin ín fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn àṣẹ sínú fáìlì kan, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kí ẹ̀rọ lè máa ṣe wọ́n bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ó ní kí ó wọ gbogbo fódà, dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ní àwòrán ilẹ̀ nìkan ni kí ó máa mú, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Bí ó bá ti rí àwòrán kan, kí ó kọ orúkọ gbogbo fódà tí ó gbà kọjá kí ó tó débẹ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo, kí ó sì fi kọ́mà sáàárín wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà yóò jọ ara wọn: bàbá, ìyá, ọmọ, ilẹ̀. Ohun tó bá ti tò báyìí, ènìyàn lè kà á, ó lè yẹ̀ ẹ́ wò ní òpó-ní-òpó, kò sì sí ibi tí irọ́ lè bá sá pamọ́ sí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kùn, ó da ìlà sójú.

"Háà!" Bọ́sẹ̀ fò dìde. "Baálé ilé mìíràn tún wà! Ta ni ẹni yìí? Bàbá kan ń jẹ́ Àbẹ̀ní!"

Ẹkúndayọ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "Àbẹ̀ní kọ́ ni ìyàwó kejì Bàbá Àlàbí? Ìyá Àbẹ̀ní. Wọ́n ti kú."

Bọ́sẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bú sẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ràsákì ti kọ orúkọ fódà náà ní "ìyá", ó fi àlàfo sílẹ̀, ó wá kọ "àbẹ̀ní". Níbi tí àlàfo náà wà ni àṣẹ tí òun kọ ti gé obìnrin náà sí méjì: ìdajì kan di ìyàwó, ìdajì kejì di baálé ilé. Ó ku díẹ̀ kí òun fò sórí ọ̀kadà lọ wá ọkùnrin tí kò sí. Ó tún àṣẹ náà kọ, kí ẹ̀rọ má baà máa gé orúkọ níbi àlàfo mọ́, ó sì tún tẹ̀ ẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà gbogbo tò gbọnrangandan. Ó ní kí ẹ̀rọ yọ òpó kejì nìkan jáde, òpó àwọn ìyá, kí ó dárúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ìyàwó mélòó ni Bàbá Àlàbí ní, sà?"

"Mẹ́rin. Gbogbo Iba ló mọ̀."

"Ẹ wá kà á."

Ẹkúndayọ̀ gbàgbé ẹ̀rù rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ ìmú mọ́ ojú ẹ̀rọ. "Ìyá Àbẹ̀ní. Àjọkẹ́. Àníkẹ́. Àyọ̀ká." Ó fi ìka tọ́ka sí èyí tó gbẹ̀yìn. "Ṣàkírù?"

"Ìyàwó karùn-ún," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Ọkùnrin ni."

Ó pe àwọn ìlà padà, ó fi ìka tọ́ka sí mẹ́ta nínú wọn:

àlàbí, àníkẹ́, àjàgbé, ilẹ̀-kìíní
àlàbí, àyọ̀ká, ọ̀ṣúnkẹ́mi, ilẹ̀-keje
àlàbí, ṣàkírù, ilẹ̀-keje

"Ẹ rí i? Gbogbo ọmọ ní ẹni tó bí wọn. Ṣàkírù nìkan ni fódà rẹ̀ wà lábẹ́ bàbá tààrà, tí kò gba ọ̀dọ̀ obìnrin kankan. Ìlà rẹ̀ fi ọ̀kan dín, ìdí nìyẹn tí ó fi bọ́ sí ipò ìyàwó. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé Ràsákì ló ṣe é? Ràsákì kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ láì gba ọ̀dọ̀ ìyá. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì rí i báyìí nínú gbogbo ìlà tó kù."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe."

"Àṣìṣe ni, àmọ́ ẹ bi mí pé irú àṣìṣe wo ni. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ jí ilẹ̀ Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Ẹ ti dá ọmọ kan sílẹ̀ lórí irọ́. Abẹ́ ìyá wo lẹ ó fi sí?"

Awọnlẹ̀ náà fọwọ́ nu iwájú orí. "Bí mo bá fi í sábẹ́ Àníkẹ́, nínú ilẹ̀ Àníkẹ́ ni yóò ti jẹ. Bákan náà ni Àjọkẹ́ àti Àbẹ̀ní. Bí mo bá fi í sábẹ́ Àyọ̀ká… gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹyọ kan ni Àyọ̀ká bí."

"Nítorí náà, kò sí ìyá tó lè gbà á. Àbí?" Bọ́sẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ó ku ohun kan. Àwọn ẹbí kan wà tí kì í pín ogún ní ìdí-igi. Wọ́n ń pín in ní orí-ò-jorí: iye ọmọ, iye ìpín, kò sí ti ìyá níbẹ̀. Ẹni tí ìdí-igi ń dùn, ẹni tó ń rò ó tọ̀sán-tòru pé ì bá jẹ́ orí-ò-jorí ni wọ́n fi pín in, ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá dá fódà fún ọmọ, abẹ́ bàbá tààrà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí ni. Ta ló jókòó ti ẹ̀rọ yìí, yàtọ̀ sí Ràsákì?"

Ẹkúndayọ̀ fa àga kan sún mọ́ra. Ó kàn jókòó sílẹ̀ ni.

"Ẹ múra, sà. Ẹ̀yin náà ń bọ̀ ní Iba láàárọ̀ ọ̀la. Òǹtẹ̀ yín ló gbé katapílà débẹ̀."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti tan katapílà kí Bọ́sẹ̀ tó dé. Ọ̀ṣúnkẹ́mi jókòó sórí ojú oórì ìyá rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó ní kò síbi tí òun ń lọ. Ẹbí Àlàbí ti pé jọ, àwọn kan wá bẹ̀ ẹ́, àwọn kan wá wòran. Àjàgbé dúró láàrin wọn. Lẹ́yìn wọn, lórí àpótí, ìyá rẹ̀ Àníkẹ́ jókòó, ìyálé tó kù láyé nínú àwọn ìyàwó Bàbá, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ wọn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Àdìó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Bọ́sẹ̀ àti awọnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa katapílà. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n wọ́n pa á.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n Àjàgbé, ta ni ìyá Ṣàkírù?"

Àjàgbé rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìta ni. Mo ti sọ."

"Ọmọ ìta náà ní ìyá. Wọn ò rí i he lábẹ́ igi. Ẹ dárúkọ ẹ̀."

"Obìnrin Ẹ̀gùn kan ni. Àgbádárìgì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó karùn-ún nìyẹn. Ìdí-igi márùn-ún ni oko Àlàbí, kì í ṣe mẹ́rin. A ó tú gbogbo ìpín ká lónìí, a ó sì tún un pín sí márùn-ún. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan yóò yọ nínú tirẹ̀ fún Ṣàkírù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣé ẹ gbà?"

"Kí ni?" Àbúrò Àjàgbé kan, Àlàbá, fò síwájú. "Bọ̀dá, ilẹ̀ tí mo ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ńkọ́? Nínú tèmi kọ́ o!"

"Nínú tiwa náà kọ́!" ni àwọn ọmọ Àjọkẹ́ fi ké.

"Ẹ dákẹ́!" Àjàgbé gbé ọwọ́ sókè. "Kò kàn yín. Nínú ti Àyọ̀ká ni kí wọ́n ti yọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ́ kù."

"Nítorí kí ni? Ṣé Àyọ̀ká ló bí i ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá bí i? Nínú kọ̀ǹpútà Sọ̀féyọ̀, kò sí obìnrin kankan lórí ìlà Ṣàkírù. Ẹni tó dá fódà rẹ̀ gbé e sí abẹ́ Bàbá tààrà. Ràsákì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹni kẹta tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá fódà, ẹ̀yin ni. Ẹ gbé ọmọ kan kalẹ̀ tí kò ní ìyá, ẹ wá fi katapílà gba orí ìyá ọmọ mìíràn kọjá. Ṣé ojú kò tì yín?"

Ọ̀pá kan kan ilẹ̀. Ìyá Àníkẹ́ ti dìde.

"Àjàgbé. Ọmọ mélòó ni mo bí?"

"Ìyá, ẹ jókòó."

"Mo ní mélòó."

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà. Mo mọ ìrọbí kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní Ṣàkírù. Orogún mi Àyọ̀ká, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tó ń bí ẹyọ kan tó bí, ẹyọ tó jókòó sórí ojú oórì yẹn. Ta ló bí ọmọ rẹ, Àjàgbé?"

Ojú Àjàgbé pọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń dì mọ́nú láti ọdún gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde. "Mẹ́fà la jẹ́, Ìyá! Mẹ́fà! Ilẹ̀ tí ò tó ilé kan ni ó kàn mí. Òun nìkan, obìnrin, ìdá mẹ́rin oko! Ṣé ó dáa? Kí ni mo ṣe tó burú? Kí ó gbé díẹ̀ sílẹ̀, kó lè dọ́gba…"

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Àwọn ará ilé náà ti gbọ́ ọ. Àlàbá yí ojú kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tiẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Àdìó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀.

"Ìnsípẹ́kítọ̀," ni Bọ́sẹ̀ wí, kò sì fi bò pé inú ṣì ń bí òun, "kí ẹ tó ti ẹni tuntun mọ́lé, ẹ lọ tú ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́ fún ojú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe kọ́sítébù."

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹ ṣì má dè é," ni Ìyá Àníkẹ́ wí.

Wọ́n fi ọ̀pá wọn lé Ọ̀ṣúnkẹ́mi lọ́wọ́, wọ́n sì rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi ògiri tó wó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn, nítorí ó ti pẹ́ tí màmá náà ti gbé ohun tó wúwo. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé odidi búlọ́ọ̀kù kan, wọ́n gbé e mọ́yà, wọ́n sì rìn tọ ọmọ wọn lọ.

"Gbà."

Àjàgbé kò gbà á. Apá màmá náà ń gbọ̀n.

"Mo ní kí o gbà á. Bàbá rẹ ló ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kì í ṣe nítorí Àyọ̀ká nìkan ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí tèmi náà ni, kí ọmọkùnrin kan má baà jí dìde lọ́jọ́ kan, kí ó lé mi jáde."

Ó gbà á. Agbádá àdìrẹ rẹ̀ kó eruku. Ìyá rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìpìlẹ̀ ògiri wà, lẹ́bàá ojú oórì funfun náà, Àjàgbé sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé búlọ́ọ̀kù náà kalẹ̀ síbẹ̀.

"Ó wọ́," ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí. "Tún un gbé."